Ìtàn Oògùn Fòníkú-fọ̀ladìde ní Àbújá

Kí àwọn oníṣègùn òyìnbó tó fún àrùn yìí ní orúkọ ni àwọn Yorùbá ti ń pè é ní fòníkú-fọ̀ladìde. Ohun tí ojú rí ni orúkọ náà sọ: ẹni tí ìrora dá dùbúlẹ̀ lónìí, tí ẹbí ti ń sunkún lé lórí, lè dìde rìn lọ́la. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí àrùn náà pa ní kékeré ni wọ́n sì kà mọ́ àbíkú.

Ní ọdún 1910, James Herrick, dókítà kan ní Chicago, kọ̀wé nípa ẹ̀jẹ̀ tí ó tẹ̀ bí dòjé. Ní 1949, Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé inú èròjà tí ń gbé ọ́síjìn kiri nínú ẹ̀jẹ̀ ni àbùkù náà wà. Bí ọ́síjìn bá kúrò lára rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ a le, a tẹ̀, a sì dí àwọn iṣan tín-ín-rín. Ìrora a sì dé.

Ní 1987 ni ìjọba àpapọ̀ dá ilé-iṣẹ́ ìwádìí oògùn sílẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí NIPRD, ní Ìdù, Àbújá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Wambebe ni ó kọ́kọ́ darí rẹ̀. Ìdílé oníṣègùn Yorùbá kan ní àgbo tí wọ́n fi ń tọ́jú àrùn náà. Ilé-iṣẹ́ yìí sì bá wọn ṣe àdéhùn kí ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀. Ohun mẹ́rin ni ó wà nínú àgbo náà: ìyèré, igi osùn, kànáfùrù àti ewé ọkà bàbà. Kò sí èyí tí ó ṣàjèjì nínú wọn. Ìyèré ń bẹ nínú ọbẹ̀. Osùn ni a fi ń pa ọmọ tuntun lára. Oògùn tí ó ti inú wọn jáde ni wọ́n pè ní NIPRISAN.

Wọ́n dán an wò bí ó ti yẹ. Wọ́n fún àwọn aláìsàn kan ní oògùn náà, wọ́n fún àwọn mìíràn ní ohun tí ó jọ ọ́, lẹ́yìn náà wọ́n pààrọ̀ wọn, láìjẹ́ kí aláìsàn mọ èyí tí òun ń lò. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2001: ìrora dínkù, ṣùgbọ́n oògùn náà kò wo àrùn náà sàn pátápátá.

Ní 2002, ilé-iṣẹ́ Xechem ti Amẹ́ríkà gba àṣẹ láti máa ṣe é. Ní 2006, Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ṣí i fún títà pẹ̀lú orúkọ Nicosan, láti Ṣẹ́dà, lẹ́bàá Àbújá. Ní 2008, gbèsè wọ Xechem lọ́rùn dé ilé ẹjọ́. Oògùn náà di ohun àwátì.

Ní 2017, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìyẹ̀fun glutamine fún àrùn kan náà, nítorí ó ń ran ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ láti dènà ìbàjẹ́ tí ọ́síjìn ń ṣe. Irú èròjà adènà-ìbàjẹ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú kànáfùrù. Èyí kò sọ ẹnikẹ́ni tí ń ta kànáfùrù di oníṣègùn. Ìdánwò ni ó ń ya oògùn sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ ẹnu.

Ìmọ̀ tí a gbà lẹ́nu ìdílé kan ni ó la ọ̀nà yìí; owó àti àbójútó ni kò bá a dé òpin. Bí ìdílé náà kò bá ti mọ orúkọ ewé àti igi wọ̀nyí, kò sí ohun tí Àbújá ìbá fi bẹ̀rẹ̀.