Ilé Aṣòfin Àgbà Tí Wọn Kò Dá Sílẹ̀ ní Accra

Ẹni tí ó bá rìn gba High Street kọjá ní Accra lónìí yóò rí ilé kan tí àwọn ará ìlú ń pè ní Ilé Ìgbìmọ̀ Àtijọ́. Àjọ tí ń gbọ́ ẹ̀sùn lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ni ó ń lò ó báyìí. Ṣùgbọ́n inú gbọ̀ngàn rẹ̀ ni àwọn aṣòfin Gold Coast jókòó sí ní alẹ́ ọjọ́ 5 oṣù kẹta ọdún 1957, títí ó fi kù díẹ̀ kí agogo lu méjìlá òru, tí wọ́n túká, tí Kwame Nkrumah sì jáde lọ bá ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ní pápá tí àwọn òyìnbó ti máa ń gun ẹṣin ṣeré, láti kéde pé ilẹ̀ náà ti di òmìnira. Ìgbìmọ̀ kan ṣoṣo ni ilẹ̀ náà ní. Ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ aṣòfin, méjì ni. Ní Ìbàdàn, méjì ni láti ìgbà òfin ọdún 1951: ilé àwọn tí a yàn àti ilé àwọn lọ́balọ́ba. Ní Èkó pẹ̀lú, wọ́n fi ilé àgbà kún ti ìṣáájú ní ọdún 1960. Kí ni ó wá dé tí Accra fi mú ẹyọ kan? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àga àti gbọ̀ngàn lásán. Ìjà ńlá wà nídìí rẹ̀, ẹ̀mí sì bá a lọ.

Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yọ Gold Coast kúrò lábẹ́ Sàró ní ọdún 1850, ó dá ìgbìmọ̀ aṣòfin kékeré kan sílẹ̀ fún un, tí Gómìnà fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan àwọn tí ó wà nínú rẹ̀. Ó pẹ́ gan-an kí ìbò tó wọ ọ̀rọ̀ náà. Ní ọdún 1925 ni Gómìnà Guggisberg, ẹni tí èbúté Takoradi àti ilé-ẹ̀kọ́ Achimota kò lè jẹ́ kí a gbàgbé, mú òfin tuntun wá. Ènìyàn 30 ni ìgbìmọ̀ náà, bí a bá ka Gómìnà mọ́ ọn. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni 15. Nínú 14 tí ó kù, 9 ni ènìyàn dúdú: ìlú Accra, Cape Coast àti Sekondi dìbò yan ẹnì kọ̀ọ̀kan, àwọn ọba sì yan 6 nínú ìgbìmọ̀ àgbègbè wọn. Àwọn amòfin àti akọ̀wé etí òkun bínú sí ètò yìí púpọ̀. Wọ́n ní ọba tí ń gba àṣẹ lọ́wọ́ Gómìnà kò lè dìde lójú Gómìnà kí ó sọ òtítọ́. Àwọn ọba náà dá wọn lóhùn pé ta ni ó rán àwọn akọ̀wé níṣẹ́, ilẹ̀ ta ni wọ́n sì ní? Ìjà tí ó bẹ̀rẹ̀ níbí ni ó ń bá ọ̀rọ̀ wa lọ títí dé òpin.

Òfin Gómìnà Burns ní ọdún 1946 gbé agbára fún àwọn ọba ju ti ìṣáájú lọ. Àṣáńtì wọ ìgbìmọ̀ náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ènìyàn 18 ni a yàn. Nínú wọn, ìgbìmọ̀ àwọn ọba ìhà gúúsù yan 9, ìgbìmọ̀ àwọn ọba Àṣáńtì yan 4, àwọn ìlú ńlá sì dìbò yan 5 péré. Ẹni tí ó bá ka iye yìí yóò rí i pé ilé àwọn ọba ti wà nínú ilé aṣòfin nígbà náà. Ohun tí kò sí ni ògiri tí yóò là á sí méjì. Ìhà àríwá kò ní ẹnìkan níbẹ̀ rárá.

Ètò náà kò pé ọdún méjì tí ó fi fọ́. Ní ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 1948, àwọn ọmọ ogun tí ó ti Bọ́mà àti ilẹ̀ mìíràn dé ń lọ fi ẹ̀bẹ̀ wọn lé Gómìnà lọ́wọ́ ní Christiansborg, ọlọ́pàá òyìnbó kan yìnbọn, mẹ́ta kú nínú wọn, Accra sì gbiná. Nígbà tí ìlú rọ̀, ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni 40 kalẹ̀, ọmọ ilẹ̀ náà ni gbogbo wọn, Adájọ́ Henley Coussey sì ni alága, láti dá òfin tuntun. Àwọn ọba wà níbẹ̀, àwọn amòfin wà níbẹ̀, J. B. Danquah wà níbẹ̀. Nkrumah kò sí níbẹ̀, kò sì sí ẹnìkan tí ó gbẹnu sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ti ń tẹ̀lé e.

Ìgbìmọ̀ Coussey yìí ni ó kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ ilé kejì wò dáadáa. Àwọn kan ní kí ilé àgbà wà, kí àwọn ọba àti àgbààgbà jókòó níbẹ̀, kí wọ́n máa tún ohun tí àwọn ọ̀dọ́ bá fi ìwàǹwára ṣe wò. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́: bí èyí kì í tilẹ̀ ṣe òwe Àkán, òun gan-an ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ wọn. Àwọn kejì ní ilé kan tó. Wọ́n ní bí a bá kó àwọn ọba lọ sí ilé tiwọn, a ti kó wọn sí ẹ̀yìn ni, àti pé ilẹ̀ tí kò ní owó àti akọ̀wé púpọ̀ kò lè bọ́ ilé méjì. Ìgbìmọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pín sí méjì ọgbọọgba, débi pé wọ́n fi ètò méjèèjì sínú ìwé tí wọ́n kọ ní ọdún 1949. Nígbẹ̀yìn, ètò ilé kan ni wọ́n mú.

Ọgbọ́n tí wọ́n fi rọ́pò ilé kejì ni pé kí wọ́n kó gbogbo ènìyàn sínú ẹyọ kan. Ilé ọdún 1951 ní ènìyàn 84. Àwọn ará ìlú yan 38, nínú èyí tí àwọn ìlú ńlá dìbò fún 5 fúnra wọn, tí àwọn ará oko sì yan àwọn tí ó bá wọn yan 33. Àwọn ìgbìmọ̀ ọba àti ti àgbègbè yan 37, ìhà àríwá sì ni ó kó ju ìdajì nínú wọn. Òyìnbó oníṣòwò àti awakùsà ní 6, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba 3. Ẹgbẹ́ CPP ti Nkrumah kó 34 nínú 38. Inú ẹ̀wọ̀n James Fort ni òun fúnra rẹ̀ wà nígbà tí Accra fún un ní ìbò 22,780 nínú 23,122. Nkrumah kò sì fi èrò rẹ̀ nípa àwọn ọba pamọ́. Ó ti kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn rẹ̀ ní ọdún 1950 pé ọba tí kò bá bá àwọn ènìyàn rẹ̀ rìn, ọjọ́ ń bọ̀ tí yóò sá lọ, tí yóò fi bàtà rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí kò mọ àṣà Àkán lè rẹ́rìn-ín sí i. Láàrin wọn, ọba tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kan ilẹ̀ lófìfo, wọ́n ti rọ̀ ọ́ lóyè nìyẹn.

Ọdún 1954 ni bàtà bọ́ lóòótọ́. Òfin tuntun sọ ilé náà di ẹlẹ́ni 104, ará ìlú ni yóò sì dìbò yan gbogbo wọn tààrà. Àga 37 ti àwọn ìgbìmọ̀ ọba parẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n pín àga 104 náà gẹ́gẹ́ bí iye ènìyàn: ìhà gúúsù gba 44, àríwá gba 26, Àṣáńtì gba 21, ìhà Volta àti Togo gba 13. Àṣáńtì ti béèrè fún 30. Ìṣirò àwọn tí ó pín in kò lòdì, nítorí pé iye orí ni wọ́n kà. Ṣùgbọ́n Àṣáńtì kò ka ara rẹ̀ sí iye orí; ìjọba ńlá ni ó ka ara rẹ̀ sí, èyí tí ó bá Gẹ̀ẹ́sì jagun léraléra, tí kòkó àti wúrà rẹ̀ sì ń bọ́ àpò ìjọba.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìbò náà, ìjọba fi òfin dè é pé ṣílè 72 ni àgbẹ̀ yóò máa gbà lórí ẹrù kòkó kan, nígbà tí owó rẹ̀ ní ọjà ayé ti ga ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Àgbẹ̀ kòkó Oǹdó tàbí Iléṣà kò nílò kí a ṣàlàyé irú ọgbẹ́ tí èyí dá síni lára. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1954, Baffour Osei Akoto, ọ̀kan nínú àwọn agbẹnusọ ọba Àṣáńtì, dá ẹgbẹ́ NLM sílẹ̀ ní Kumasi. Kòkó ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi di ti òfin ilẹ̀: wọ́n fẹ́ ìjọba àpapọ̀, nínú èyí tí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan yóò ní agbára tirẹ̀, kí ilé aṣòfin ti àárín sì jẹ́ méjì. Ìgbìmọ̀ ọba Àṣáńtì tì wọ́n lẹ́yìn. Ọ̀jọ̀gbọ́n K. A. Busia, tí ó ti tẹ ìwé kan jáde ní ọdún 1951 lórí ipò ọba ní Àṣáńtì, wá di olórí wọn nílé aṣòfin. Èrò wọn yé ènìyàn: bí ilé ìsàlẹ̀ bá ń ka orí, kí ilé òkè máa ka ìpínlẹ̀, kí èyí tí ó pọ̀ má baà gbé èyí tí ó kéré mì.

Nkrumah fèsì pé ilẹ̀ tí ìkànìyàn ọdún 1948 rí gẹ́gẹ́ bí mílíọ̀nù mẹ́rin àti díẹ̀ kò tó ohun tí à ń gé sí wẹ́wẹ́. Ní ọdún 1955, ilé aṣòfin yan àwọn kan láti yẹ ọ̀rọ̀ ìjọba àpapọ̀ àti ilé kejì wò. Ẹgbẹ́ NLM kọ̀, wọn kò yọjú. Ìgbìmọ̀ náà ní kò sí ìdí fún èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán Sir Frederick Bourne wá láti gba àwọn méjèèjì nímọ̀ràn. NLM kò bá a sọ̀rọ̀. Wọ́n pe àpérò sí Achimota ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1956. NLM kò lọ. Nígbà kan náà, wọ́n ń ju bọ́ǹbù ní Kumasi, wọ́n sì ju ọ̀kan sí ilé Nkrumah ní Accra ní oṣù kọkànlá ọdún 1955. Ẹ̀dùn-ọkàn àwọn Àṣáńtì kì í ṣe asán, ṣùgbọ́n ó ṣòro kí a tó rí ẹgbẹ́ tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba ẹjọ́ rere jẹ́ tó báyìí. Ẹnu àwọn mìíràn ni Bourne ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ilé kejì.

Ìbò oṣù keje ọdún 1956 parí rẹ̀. CPP ní 71 nínú 104. Ní Àṣáńtì gan-an, ó mú 8 nínú 21. Síbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì kò fẹ́ fi àwọn tí ó ṣẹ́gun àti àwọn tí a ṣẹ́gun sílẹ̀ láìsí ohun tí yóò là wọ́n. Òfin ọdún 1957 fún agbègbè kọ̀ọ̀kan ní Ilé Lọ́balọ́ba, ó sì pàṣẹ pé àbá òfin tí ó bá kan ipò ọba gbọ́dọ̀ dúró fún oṣù mẹ́ta kí ilé aṣòfin tó tẹ̀ síwájú lórí rẹ̀. Wọ́n ṣètò ìgbìmọ̀ agbègbè pẹ̀lú. Kò sí èyí tí ó pẹ́ nínú wọn bí wọ́n ṣe rò. Ní ọdún 1958 ilé aṣòfin fa okùn tí ó dè é já. Ní ọdún 1959 wọ́n tú ìgbìmọ̀ agbègbè ká. Òfin ọdún 1961 wá sọ pé ẹni tí Mínísítà bá mọ̀ sí ọba ni ọba. Àwọn Ilé Lọ́balọ́ba kù, ṣùgbọ́n ẹjọ́ oyè ni ó kù fún wọn láti gbọ́.

Kí ará ilẹ̀ Yorùbá má yára fi Accra ṣe yẹ̀yẹ́. Ilé àgbà tí ó wà ní Èkó ní ọdún 1960 ní ènìyàn 44: agbègbè mẹ́ta yan 12-12, Èkó ní 4, Olórí Ìjọba sì mú 4 wá. Kò sí ẹnìkan nínú wọn tí ará ọjà tàbí ará oko fi ìka tẹ̀ fún. Ilé Lọ́balọ́ba Ìbàdàn, tí Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí jẹ́ ààrẹ rẹ̀ rí, kò lè pa iná ọdún 1962, àwọn ọmọ ogun sì ti gbogbo wọn pa ní oṣù kìíní ọdún 1966. Ọdún 1979 ni a tó bẹ̀rẹ̀ sí dìbò tààrà fún àwọn aṣòfin àgbà ní Nàìjíríà, 5 láti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Lónìí 3 ni, pẹ̀lú 1 láti Àbújá, àpapọ̀ wọn 109.

Nígbà tí àwọn ológun Ghana dá ìjọba padà fún aráàlú ní ọdún 1969, ilé kan ni wọ́n tún mú, ẹlẹ́ni 140, Busia sì di olórí ìjọba. Àwọn kan ní ì bá ṣe pé ilé àgbà wà, àṣẹ tí ìjọba rẹ̀ pa ní oṣù kọkànlá ọdún náà, pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kó ẹrù rẹ̀ jáde láàrin ọjọ́ 14, kì bá tí jáde. Àṣẹ náà lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún Yorùbá láti Accra, Kumasi àti Tamale padà sílé. Àròyé yìí kò dúró: àṣẹ àwọn aláṣẹ ni, kì í ṣe òfin tí a gbé dé iwájú ilé aṣòfin, ilé òkè kì bá sì ti rí i kí ọkọ̀ tó gbéra.

Ohun tí òfin ọdún 1969 mú wá, tí ti ọdún 1979 àti ti 1992 sì pa mọ́, ni Ìgbìmọ̀ Àgbà Ìjọba. Kì í ṣe ilé aṣòfin. Ààrẹ ni ó ń gbà nímọ̀ràn. Ó lè yẹ àbá òfin wò kí ó sì sọ èrò rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè dá a dúró. Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti wúwo jù ni yíyan àwọn aláṣẹ ńlá: àwọn tí ń bójú tó ìbò gbogbo ilẹ̀ náà kò lè dé ipò láìjẹ́ pé ó dámọ̀ràn wọn. Ènìyàn 31 ni ó wà níbẹ̀ láti ìgbà tí agbègbè Ghana ti di 16 ní ọdún 2019. Ààrẹ fúnra rẹ̀ ń yan 11. Adájọ́ àgbà tí ó ti fẹ̀yìntì, olórí ọmọ ogun tí ó ti fẹ̀yìntì àti ọ̀gá ọlọ́pàá tí ó ti fẹ̀yìntì ní àga kọ̀ọ̀kan. Agbègbè kọ̀ọ̀kan ń rán ẹnìkan, ará ìlú kò sì dìbò fún un: ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń yan ènìyàn méjì, àwọn wọ̀nyí á péjọ sí olú-ìlú agbègbè wọn, àjọ elétò ìdìbò á sì ka ìbò wọn. Ní agbègbè tí ó kéré, àwọn olùdìbò kì í kún yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan. Àga kan ni òfin yà sọ́tọ̀ fún ọba níbẹ̀, ti ààrẹ Ilé Lọ́balọ́ba gbogbo Ghana, èyí tí ń jókòó ní Kumasi.