Olè Ọ̀kadà ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó, àti Bí A Ṣe Ń Ti Ọ̀kadà Pa

Jíjí ọ̀kadà gbé wà lára ìwà ọ̀daràn tó ń kó ìnira bá ará Àkúrẹ́ àti Oǹdó. Kẹ̀kẹ́ ológeere kò pọ̀ mọ́ lójú pópó ìlú méjèèjì. Ọ̀kadà ló gba ipò rẹ̀. Òun ni akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì FUTA ní Àkúrẹ́ ń wọ̀ dé géètì, òun ni olùkọ́ ń gùn lọ síléèwé, òun ni ìyá ọlọ́jà fi ń kó ẹrù bọ̀ láti Ọjà Ọba, òun náà ni àgbẹ̀ kòkó fi ń wọ oko ní ìgbèríko Oǹdó. Ẹni tí olè bá gbé tirẹ̀ lọ kò rí ohun gùn mọ́, ó sì lè máà ríṣẹ́ ṣe mọ́ pẹ̀lú. Ọ̀kadà Bajaj Boxer tuntun ti kọjá mílíọ̀nù kan náírà, bẹ́ẹ̀ ₦70,000 ni owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ sọ di òfin ní oṣù Keje 2024. Òṣìṣẹ́ tó ń gba iye yẹn, bí kò tilẹ̀ ná kọ́bọ̀ níbẹ̀, yóò fi ohun tó ju ọdún kan lọ tu owó jọ kó tó lè ra òmíràn.

Olè ohun ẹlẹ́sẹ̀ méjì kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ wa. Láyé ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí owó kòkó gòkè lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, kẹ̀kẹ́ Raleigh tí wọ́n ń ṣe ní ìlú Nottingham jẹ́ ohun iyì lọ́wọ́ àgbẹ̀ àti akọ̀wé. Ìjọba ìbílẹ̀ ń gba owó láísẹ́ńsì lórí kẹ̀kẹ́, ilé iṣẹ́ tó ṣe é sì ń tẹ nọ́ńbà sára irin rẹ̀, kí ẹni tó ni ín lè dá a mọ̀. Ní ilẹ̀ Ítálì, Vittorio De Sica ṣe fíìmù kan ní 1948 lórí bàbá kan ní Róòmù tó jẹ́ pé kẹ̀kẹ́ ló fi ríṣẹ́, tí olè sì gbé kẹ̀kẹ́ náà lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó dé ẹnu iṣẹ́. Ọlọ́kadà Ìsìkàn ní Àkúrẹ́ tàbí ti Yaba ní Oǹdó tó bá wo fíìmù yẹn kò ní bèèrè ìtumọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ètò ọrọ̀ ajé tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní 1986, èyí tí wọ́n ń pè ní SAP, ló jẹ́ kí ọ̀kadà akérò gbilẹ̀. Ọkọ̀ di ọ̀wọ́n, iṣẹ́ ìjọba ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn, alùpùpù sì di ohun tí ọkùnrin fi ń bọ́ ilé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń gùn ún lónìí kọ́ ló ni ín: àwọn kan ń jíṣẹ́ owó ojoojúmọ́ fún ẹni tó ni ọ̀kadà, àwọn mìíràn sì gbà á láwìn, wọ́n ń san án díẹ̀díẹ̀. Bí olè bá gbé irú ọ̀kadà bẹ́ẹ̀ lọ, gbèsè rẹ̀ kò bá a lọ. Ẹni tó ń gùn ún ni yóò máa san owó ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, wọ́n sì lè tún fura sí i pé òun ló tà á. Nínú gbogbo ìyà tí olè yìí ń dá sílẹ̀, ìyẹn ló wúwo jù.

Ọ̀kadà tí ẹni tó ni ín gbé kalẹ̀ tó yí ẹ̀yìn sí ló máa ń tètè bọ́ sọ́wọ́ olè. Ibi tí èrò pọ̀ sí, tí ojú ẹnikẹ́ni kò sì sí lára ọ̀kadà, ni olè fẹ́ràn: iwájú báǹkì, ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹnu mọ́ṣáláṣí lákòókò ìrun Jímọ̀, ẹ̀gbẹ́ àgọ́ ìnáwó. Irin ṣóńṣó tó ní ìdìmú ni wọ́n ń tì bọ ihò kọ́kọ́rọ́, wọ́n á fi agbára yí i. Bí ìyẹn bá kọ̀, wọ́n á yí sí wáyà. Olè mìíràn kò tilẹ̀ ní dá ara rẹ̀ láàmú láti tan án. Ṣe ni yóò máa tì í lọ bí ẹni tí epo tán mọ́ lọ́nà, àwọn tó ń kọjá á sì máa kí i pẹ̀lẹ́. Lóko kòkó, àgàgà láàárín oṣù Kẹwàá sí oṣù Kejìlá tí ìkórè ń lọ lọ́wọ́, àgbẹ̀ á gbé tirẹ̀ sábẹ́ igi létí ọ̀nà, á wọ inú oko lọ, kò sì ní gbọ́ ìró kankan.

Ẹ̀tàn náà wà. Èrò kan á ní kí ọlọ́kadà dúró níwájú ilé kan, kó jọ̀ọ́ bá òun kan ilẹ̀kùn tàbí kó bá òun ru àpò wọlé. Kí ó tó bojú wẹ̀yìn, èrò ti gun ọ̀kadà lọ, nítorí kọ́kọ́rọ́ ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹlòmíràn á ra ohun mímu tí wọ́n ti fi oògùn sí fún un. Èyí tó burú jù ni ti àwọn tó ń pe ọ̀kadà lálẹ́ lọ sí ọ̀nà tó dá, tí àwọn ẹgbẹ́ wọn ti lúgọ síbẹ̀ pẹ̀lú ohun ìjà. Kò sí àgádágodo tó lè gbani lọ́wọ́ irú èyí. Ohun tí ọlọ́kadà lè ṣe kò ju pé kó má gbé èrò tí kò mọ̀ lọ sọ́nà oko lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ti ṣú, kó sì fi ọ̀kadà sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ bá di ti ẹ̀mí.

Ọ̀rọ̀ títì í pa gba àlàyé díẹ̀, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ti ọ̀kadà wọn, síbẹ̀ olè ń gbé e. Lọ́ọ̀kì ọwọ́ tó bá Boxer wá láti ilé iṣẹ́ ni ìbẹ̀rẹ̀: a ó yí ọwọ́ ọ̀kadà sí ẹ̀gbẹ́ kan títí yóò fi dúró, a ó ti kọ́kọ́rọ́ wọlé, a ó sì yí i. Ó ń dí ẹni tó fẹ́ tì í lọ lọ́wọ́, nítorí náà kò yẹ kí a gbàgbé rẹ̀ láé, bó jẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún péré la fẹ́ lò. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó bá lágbára lè fi ipá já a. Ìdí nìyẹn tí a fi nílò ṣéènì àti àgádágodo.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí a fi ṣéènì wé ẹsẹ̀ iwájú nìkan. Ọ̀kadà tí a ti báyìí kò lè yí, ṣùgbọ́n ó ṣeé gbé. Ìwọ̀n Boxer kò ju nǹkan bí 110 sí 125 kílógíráàmù. Ọkùnrin mẹ́ta á gbé e sẹ́yìn ọkọ̀ láìlàágùn. Ẹsẹ̀ iwájú náà tún ṣeé fi sípánà tú sílẹ̀. Ohun tó tọ́ ni kí ṣéènì gba inú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kọjá, kó mú irin ṣáṣì pẹ̀lú, kó sì so ó mọ́ ohun tí kò ṣeé hú: irin tí a fi kọnkéré rì mọ́lẹ̀, ọ̀pá irin ojú fèrèsé tó nípọn, tàbí igi ńlá létí oko. Kí ṣéènì má ṣe wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, torí olè lè fi òkúta tẹ́ ẹ, kó fi òòlù fọ́ ọ, tàbí kó gbé ẹ̀mú agéirin lé ilẹ̀ kí ó lè fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Kí ó fún mọ́ ọ̀kadà, kí ihò kọ́kọ́rọ́ àgádágodo sì kọjú sílẹ̀, èyí tó tún ń gbà á lọ́wọ́ òjò àti erùpẹ̀.

Irú irin náà ṣe pàtàkì. Ṣéènì tí irin rẹ̀ kò tó mílímítà 10, àti okùn wáyà tí wọ́n fi rọ́bà bò, ẹ̀mú ńlá á gé wọn lójú ẹsẹ̀. Àgádágodo olówó pọ́ọ́kú tó kún ọjà kò sì sàn jù wọ́n lọ: irin ẹnu rẹ̀ rọ̀, inú rẹ̀ sì ṣeé fi ìṣó yí. Ẹni tó fi mílíọ̀nù kan ra ọ̀kadà, tó wá ń du ẹgbẹ̀rún mélòó kan lórí àgádágodo, ń pa ara rẹ̀ lára. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Sold Secure ni ó ń dán lọ́ọ̀kì wò, tí ó ń pín wọn sí ipò bíi Bronze, Silver àti Gold, kí oníbàárà lè mọ èyí tó lágbára. Irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ì bá wúlò fún wa gan-an. Ṣùgbọ́n orúkọ ńlá nìkan kò tó: ní 2004, àwọn èèyàn ní Amẹ́ríkà rí i pé ike bírò Bic lásán lè ṣí irú lọ́ọ̀kì Kryptonite kan tó lókìkí, ilé iṣẹ́ náà sì ní láti pààrọ̀ wọn fún àwọn oníbàárà.

Lọ́ọ̀kì kékeré tí wọ́n ń fi há ojú díìsì bíréèkì, tó gbajúmọ̀ lókè òkun, kò wúlò fún ọ̀pọ̀ Boxer tó wà nígboro wa, nítorí wọn kò ní díìsì. Kí ẹni tó fẹ́ rà á kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ ọ̀kadà rẹ̀.

Àwọn ọgbọ́n kan wà tí kò ná wa lówó. Bí a bá ti tápù epo lábẹ́ táǹkì, epo tó kù nínú kábúrétọ̀ kò ní gbé olè jìnnà kí ẹ́ńjìnnì tó kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹlòmíràn ń yọ fìlà púlọ́ọ̀gì sápò. Réwáyà tó mọṣẹ́ lè fi súwíìṣì ìkọ̀kọ̀ sí abẹ́ ìjókòó, tó jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì kò ní ṣiṣẹ́ bí a kò bá tẹ̀ ẹ́. Tírákà tó ń lo síìmù ń fi ibi tí ọ̀kadà wà hàn lórí fóònù, àwọn kan sì lè pa ẹ́ńjìnnì láti ọ̀nà jíjìn. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ ní dátà, kó sì wà níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì dé, èyí tí kì í sábà rí bẹ́ẹ̀ nínú igbó kòkó. Lálẹ́, ọ̀pọ̀ ń gbé ọ̀kadà wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí pálọ̀. Ìyẹn ń gbà á lọ́wọ́ olè, ṣùgbọ́n òórùn bẹntiróò ń gbiná: kí ó má ṣe sí nítòsí sítóòfù, àbẹ́là tàbí jẹnẹrétọ̀, kí ó má sì ṣe dí ẹnu ọ̀nà táwọn ọmọ yóò gbà sá jáde.

Síbẹ̀, gbogbo ìwọ̀nyí kàn ń dá olè dúró díẹ̀ ni. Ohun tó ń mú kí ó padà wá ni pé ó mọ ẹni tí yóò ra ọ̀kadà náà. Wọ́n lè gbé ti Àkúrẹ́ lọ tà ní abúlé tó jìnnà, níbi tí kò sẹ́ni tó ń bèèrè pépà. Wọ́n lè tú u palẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ẹ́ńjìnnì, táyà, táǹkì àti iná rẹ̀ di pátì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀, òfin sì bá wọn sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn, abala 390 fi ẹ̀wọ̀n ọdún 7 sílẹ̀ fún ẹni tó jí ohun tí iye rẹ̀ tó ₦1,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Abala 427 fi ọdún 14 sílẹ̀ fún agbódegbà tó mọ̀ pé ohun olè ni òun gbà. Ìlọ́po méjì ni. Bí ó bá di ti ìfipágbà, òfin mìíràn ló dé, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ dín ní ọdún 21. Bí ohun ìjà bá wà níbẹ̀, ikú ni.

Nítorí náà, nọ́ńbà ara ọ̀kadà jẹ́ lọ́ọ̀kì kan fúnra rẹ̀. Nọ́ńbà ṣáṣì wà lára irin ọrùn, nítòsí ibi tí ọwọ́ ọ̀kadà ti ń yí: lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni, MD2 ló máa ń bẹ̀rẹ̀ ti Bajaj tó wá láti Íńdíà, MD6 sì ni ti TVS. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà lára ilé ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó ń ra àlòkù gbọ́dọ̀ fi méjèèjì wé ohun tó wà nínú ìwé, kó fọwọ́ pa á wò bóyá wọ́n ti fi fáìlì ha á tàbí tún un tẹ̀. Bí wọ́n bá jí ọ̀kadà gbé, nọ́ńbà yìí, rìsíìtì àti fọ́tò ni yóò kọ́kọ́ wúlò ní tésàn ọlọ́pàá, lọ́dọ̀ ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn tí Ìpínlẹ̀ Oǹdó fi òfin gbé kalẹ̀ ní 2020, àti lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ ọlọ́kadà. Kí a tètè lọ, torí bí olè bá fi ọ̀kadà náà ṣiṣẹ́ ibi, nọ́ńbà ara ọ̀kadà lè tọ́ka sí ilé ẹni tó ni ín. Ọlọ́pàá kéde ètò ìforúkọsílẹ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì, e-CMR, fún ohun ìrìnnà. Wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fipá mú un ṣẹ ní ọjọ́ 29 oṣù Keje 2024, ṣùgbọ́n ariwo owó tí wọ́n fẹ́ gbà mú kí wọ́n dá a dúró. Ìwé àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo tí ọlọ́pàá Oǹdó àti ti Ọ̀ṣun lè jọ wò yóò ṣàǹfààní gidi, bí owó rẹ̀ kò bá ní ni ọlọ́kadà lára.

Nígbà mìíràn, ọwọ́ àwọn èèyàn máa ń tẹ afurasí kí ọlọ́pàá tó dé, táyà àti bẹntiróò á sì jáde. Ìbínú náà yé ẹnikẹ́ni tó bá mọ ohun tí ọ̀kadà jẹ́ fún ìdílé kan, ṣùgbọ́n ìpànìyàn ni. Ní Aluu, nítòsí Port Harcourt, wọ́n pa akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin lọ́jọ́ 5 oṣù Kẹwàá 2012 lórí ẹ̀sùn olè; ní 2017, ilé ẹjọ́ dájọ́ ikú fún mẹ́ta nínú àwọn tó lọ́wọ́ sí i. Òkú afurasí kò sì lè sọ orúkọ ẹni tó ń ra ọ̀kadà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin mẹkáníìkì, ẹ̀yin oníṣòwò pátì, àti ẹ̀yin tó ń wá ọ̀kadà àlòkù rà ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó: ẹ bèèrè ìwé kí ẹ tó bèèrè iye. Bí ẹni tó ń tà á kò bá ní ìwé, ẹ má ṣe rà á, bó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó.