Lọ́ọ̀kì Ọkọ̀ Àtijọ́: Ẹ Béèrè Ẹbí Rẹ̀

Ká ní ọkọ̀ eré sísá àtijọ́ kan wọ Ìgbọ̀nà l'Óṣogbo lónìí, tí lọ́ọ̀kì ìlẹ̀kùn rẹ̀ ti bàjẹ́. Ẹni tó bá ń pe orúkọ ọkọ̀ náà kiri ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta pátì lè wá a títí ilẹ̀ ó fi ṣú. Ẹni tó mọ ìtàn rẹ̀, ẹbí rẹ̀ ni yóò béèrè.

Ní 1955, Volkswagen gbé Karmann Ghia jáde ní Jámánì. Ó rí bí ọkọ̀ eré ìje, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì Beetle ló ń gbé e rìn. Beetle kan náà, Ìjàpá tiwa, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò l'Ékòó ní 1975. Lotus Esprit ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó jáde ní 1976, ọwọ́ ìlẹ̀kùn Morris Marina, ọkọ̀ mẹ̀kúnnù, ni wọ́n fi sí i. Iléeṣẹ́ tí ọkọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti lo ohun tí wọ́n ti ń ṣe lọ́pọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹbí kì í ṣe ìbejì. Ẹ mú lọ́ọ̀kì àtijọ́ náà dání, ẹ wọn gígùn rẹ̀, ẹ fi ihò bóòtù àti irin ẹ̀yìn rẹ̀ wéra kí ẹ tó sanwó. Bí wọ́n bá dá ihò tuntun sí ìlẹ̀kùn nítorí lọ́ọ̀kì tí kò bá a mu, ìlẹ̀kùn náà kò ní rí bó ṣe rí mọ́.