Yíǹkì Ṣómólú àti Ọmọ Ìka
Ojú lọba ara. Bí ọba náà bá sì wàjà, ọmọ ìka ní í ṣe adelé, ṣùgbọ́n yíǹkì àwọn atẹ̀wé Ṣómólú l'Ékòó, tó ti sọ bébà di ìwé àti kàlẹ́ńdà, pẹrẹsẹ ló tẹ́, kò wú bíi bíráìlì tí ìka lè kà. Síbẹ̀, afọ́jú náà ń kàwé l'Ékòó: ọdún 1962 tí wọ́n dá Yunifásítì Èkó sílẹ̀ náà ni wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ afọ́jú Pacelli sílẹ̀. Òfin tí Èkó Akéte, ilé ọgbọ́n, fi gbèjà aláàbọ̀ ara kò dé àfi ní 2011, ti ìjọba àpapọ̀ ní 2019. Ó pẹ́ jù, lójú tèmi. Nísinsìnyí tí fọ́ọ̀mù ilé-ẹ̀kọ́ ti bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ tó ń kàwé sétí akẹ́kọ̀ọ́ afọ́jú kì í sábà rí nǹkan tó péye sọ nípa fọ́tò, àfi bí ẹni tó gbé e síbẹ̀ bá kọ àlàyé tì í.