Ta Ni Ó Ni Fíìmù Ikú Kennedy?

Àwòrán tí gbogbo ayé mọ̀ jù lọ nípa ikú John Kennedy, Ààrẹ Amẹ́ríkà tí wọ́n yìnbọn pa ní ìlú Dallas ní ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá ọdún 1963, kì í ṣe oníròyìn ló yà á. Ẹni tó ń rán aṣọ obìnrin tà ni. Abraham Zapruder ni orúkọ ọkùnrin náà, Júù tí wọ́n bí ní 1905 sí ìlú Kovel, tó wà lábẹ́ Rọ́ṣíà nígbà náà, tó sì wà ní Ukraine lónìí. Ó dé Amẹ́ríkà ní 1920, ó ṣe iṣẹ́ aṣọ ní New York, kó tó wá di ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ara rẹ̀ ní Dallas. Kámẹ́rà tó ní, eré ló ń fi í ṣe. Àwọn ará ilé rẹ̀ ló máa ń yà.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ó tilẹ̀ ti fi kámẹ́rà sílẹ̀ nílé nítorí òjò tó rọ̀ láàárọ̀. Akọ̀wé rẹ̀ ló rọ̀ ọ́ títí tó fi padà lọ mú un. Ó gun orí òpó kọnkéré kúkurú kan lẹ́bàá ọ̀nà, ọmọbìnrin kan tó ń bá a ṣiṣẹ́ sì dì í mú láti ẹ̀yìn, nítorí òòyì máa ń kọ́ ọ bó bá wà níbi gíga. Gbogbo ohun tó yà kò ju ìṣẹ́jú-àáyá 26 lọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àwòrán kéékèèké tó tò tẹ̀ léra ló ń di fíìmù. Ti Zapruder yìí jẹ́ 486. Nínú èyí tó ṣe ìkẹtàlá lé ní ọ̀ọ́dúnrún, 313, ni ọta ti bá Ààrẹ lórí.

Ta ló yìnbọn? Mi ò bá ìyẹn wá síbí. Ọ̀rọ̀ náà ti su ayé. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ wò ni bí ó ti máa ń rí nígbà tí ilé-iṣẹ́ ńlá bá kan ilẹ̀kùn ẹni tí kì í ṣe ayàwòrán, tí wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́, a fẹ́ lo àwòrán yín."

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíràn ṣáájú rẹ̀. Nígbà tí Hòtẹ́ẹ̀lì Winecoff jóná ní Atlanta ní 1946, tí ènìyàn 119 sì kú, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Arnold Hardy ya obìnrin kan níbi tó ti ń já bọ́ láti òkè. Associated Press san $300 fún un. Àwòrán náà gba ẹ̀bùn Pulitzer ní 1947, ó sì káàkiri ayé. $300, ó parí.

Ti Zapruder kò parí bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Kodak tó wà ní Dallas ló fọ fíìmù náà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn gan-an, wọ́n sì ṣe ẹ̀dà mẹ́ta. Ó fún àwọn ẹ̀ṣọ́ Ààrẹ ní méjì, ó mú ojúlówó àti ẹ̀dà kan tó kù lọ sílé. Ẹ kíyè sí i o: èyí tí ìjọba fẹ́ fi ṣèwádìí, kò gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀.

Richard Stolley, ọ̀gá àwọn oníròyìn ìwé-ìròyìn Life ní Los Angeles, ti bá ọkọ̀ òfúrufú dé Dallas ní tirẹ̀. Ó ń fóònù ilé Zapruder ṣáá, ó tó nǹkan bí aago 11 alẹ́ kó tó bá a. Ó fẹ́ wá lóru náà. Zapruder ní ó ti rẹ òun, kó wá bá òun ní ọ́fíìsì ní aago 9 àárọ̀. Aago 8 ni Stolley ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Kò pẹ́ tí àwọn oníròyìn yòókù fi ya dé. Àwọn wọ̀nyí ń pariwo, wọ́n ń kan ilẹ̀kùn gbàgbàgbà. Stolley jókòó jẹ́ẹ́, ó ń bá àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ tàkúrọ̀sọ. Àwọn àgbà kúkú ti wí i pé ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò.

Zapruder mọ̀ pé owó ń bẹ nínú ohun tó wà lọ́wọ́ òun, ó sì fẹ́ kí ẹbí òun jẹ nínú rẹ̀. Kò fi ìyẹn pamọ́. Ṣùgbọ́n ó ti lá àlá burúkú kan: ó rí ara rẹ̀ ní Times Square ní New York, níbi tí ẹnì kan ti ń pe èrò kí wọ́n wá sanwó wo bí orí Ààrẹ ṣe fọ́. Àlá yìí ló gbé lọ sídìí ìdúnàádúrà. Ẹni tó lè fọkàn tán ló ń wá. $50,000 ni wọ́n fi parí ọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Sátidé náà, Stolley sì gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde pẹ̀lú fíìmù, ó fi àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ níwájú.

Kí ni Life rà gan-an? Àṣẹ láti tẹ àwọn àwòrán náà sínú ìwé nìkan ni. Bí a bá ta iṣu, iṣu ti lọ nìyẹn. Àwòrán kò rí bẹ́ẹ̀. A lè fún ẹnì kan láṣẹ kó tẹ̀ ẹ́ jáde, ká fún ẹlòmíràn láṣẹ kó fi hàn nínú tẹlifíṣọ̀n, kó sì tún jẹ́ tiwa síbẹ̀. Life náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi padà wá kí wọ́n lè ra gbogbo rẹ̀ pátá. Ní ọjọ́ 25, wọ́n fọwọ́ sí $150,000 lápapọ̀, $25,000 lọ́dọọdún fún ọdún mẹ́fà. Zapruder ní kí wọ́n lò ó tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí wọ́n má sì tẹ àwòrán 313 jáde. Nígbà tí Life gbé e jáde lọ́sẹ̀ náà, kò sí 313 níbẹ̀.

$25,000 àkọ́kọ́, ó fi ta opó ọlọ́pàá Tippit lọ́rẹ, ẹni tí wọ́n pa ní Dallas lọ́jọ́ kan náà. Ìbẹ̀rù ohun tí aráyé yóò wí nípa Júù tó fi ikú Ààrẹ pawó wà nínú rẹ̀. Síbẹ̀ mi ò rò pé ìbẹ̀rù nìkan ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìgbìmọ̀ Warren bi í ní 1964 nípa owó tó gbà, $25,000 yìí nìkan ló dárúkọ. Ènìyàn ni, kì í ṣe áńgẹ́lì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dojú rú ni pé ẹni tó ra gbogbo rẹ̀ lágbára láti tì í mọ́lé. Life kò fi fíìmù náà han aráàlú bíi sinimá rárá. Nígbà tí Josiah Thompson ń kọ ìwé lórí ikú náà, àwọn tó fẹ́ tẹ ìwé náà ní àwọn yóò fún Life ní gbogbo èrè bí wọ́n bá lè gba àwọn láyè. Life kọ̀. Wọ́n ní kí ayàwòrán fọwọ́ yà á bí ó ti rí nínú fíìmù, ìwé jáde ní 1967, Life sì gbé wọn lọ sí kóòtù. Ní 1968, adájọ́ dá àwọn onísọfúnni ìwé náà láre: ọ̀rọ̀ tó kan gbogbo ìlú ni, ìlò wọn kò burú. Ní 1969, fíìmù náà dé kóòtù ní New Orleans nínú ẹjọ́ Clay Shaw, ibẹ̀ sì ni àwọn ẹ̀dà olè ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn káàkiri. Zapruder kú ní 1970. Ní oṣù kẹta 1975, tẹlifíṣọ̀n ABC fi hàn gbogbo Amẹ́ríkà, tòun ti 313. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni ilé-iṣẹ́ tó ni Life dá fíìmù àti ẹ̀tọ́ orí rẹ̀ padà fún ẹbí Zapruder. Dọ́là kan ṣoṣo ni wọ́n gbà.

Ká ní èmi ni, ìwé ọjọ́ Sátidé ni ǹ bá dúró lé. Àmọ́ mo mọ ohun tí ẹlòmíràn yóò wí: ta ni ìbá ti lé àwọn oní-tẹlifíṣọ̀n kúrò nílẹ̀kùn rẹ̀ fún ọdún méje tó kù láyé? Owó Life ra àlàáfíà díẹ̀ fún un.

Ẹbí náà gbé ojúlówó fíìmù sí ilé ìṣúra ìwé ìjọba ní 1978. Lẹ́yìn òfin tí wọ́n ṣe ní 1992, ìjọba ní tòun ni, ẹbí ní kí wọ́n sanwó, àwọn onílàjà mẹ́ta sì jókòó lé e. Ní 1999, méjì nínú wọn fara mọ́ $16 mílíọ̀nù. Rọ́bà fíìmù tí kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lọ ni wọ́n san owó yẹn lé lórí o. Ẹ̀tọ́ orí àwòrán kò sí nínú rẹ̀. Ọwọ́ ẹbí ló ṣì wà, ní ìparí ọdún náà ni wọ́n sì fi í ta ilé ọnà Sixth Floor ní Dallas lọ́rẹ. Ìjọba Amẹ́ríkà ló ni fíìmù. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ ẹyọ àwòrán kan nínú rẹ̀ jáde, Dallas ni yóò kọ̀wé sí.