Ọ̀rọ̀-Ìṣe Ló Ń Gbá Góòlù

Ìdí ọpọ́n ayò ni èdè bọ́ọ̀lù wa ti rí nǹkan yá. "Ayò" tí a ń kà fún ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù wọlé, "ọ̀mì" tí ikọ̀ méjì ń ta nígbà tí kò sẹ́ni tó borí, ibẹ̀ ni wọ́n ti wá. Ó wá yà mí lẹ́nu pé a fi "ọ̀ta", orúkọ ẹni tó mọ ayò ta dáadáa, sílẹ̀ sídìí ọpọ́n. Orúkọ wo ló tún yẹ ògbólógbòó agbábọ́ọ̀lù jù ú lọ?

Àmọ́ orúkọ nìkan kọ́ ló ń mú ìròyìn eré ìdárayá wọni lọ́kàn. Ẹni tó bá pe kọ́nà ní "bọ́ọ̀lù tí a gbé sí igun pápá gbá", kó tó pè é tán, wọ́n ti gbá a, aṣọ́lé ti mú un. Kọ́nà ti di Yorùbá. Pẹnáritì àti rẹfirí náà. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọwọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe niṣẹ́ wà. Ẹ wo eré Nàìjíríà àti Bulgaria ní Dallas, lọ́jọ́ 21 oṣù Kẹfà ọdún 1994: Finidi George ló fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ láti apá ọ̀tún kọjá iwájú ilé Bulgaria. Rashidi Yekini ò fagbára gbá nǹkan kan: ó na ẹsẹ̀, ó tì í wọlé. Ló bá sáré wọnú ilé, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ ojú àwọ̀n, ó dì í mú, ó ń ké. Góòlù àkọ́kọ́ Nàìjíríà nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé nìyẹn. Nà, tì, ki, dì, ké: kò sí èyí tí ìyá àgbà ò mọ̀ níbẹ̀.

Ní àṣekágbá Òlíńpíìkì ọdún 1996, orí ọ̀mì 2-2 ni Nàìjíríà àti Argentina wà, eré ti ń lọ sópin. Nàìjíríà gba fíríkíìkì. Àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn Argentina jùmọ̀ sáré jáde kí wọ́n lè há àwọn tiwa sí ọ́fúsáìdì. Emmanuel Amunike bọ́ nínú pàkúté náà, ó ṣán bọ́ọ̀lù wọlé. Ẹni tí kò mọ òfin ọ́fúsáìdì rárá ti lóye ohun tó ṣẹlẹ̀, a ò sì ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ kankan.

Síbẹ̀, gbólóhùn kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ ìròyìn wa ì bá fi kọ góòlù méjèèjì: "Ó gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n." Ẹ̀yin olóòtú, ẹ má gbà á lọ́wọ́ akọ̀ròyìn yín mọ́ láìbi í léèrè bó ṣe gbá a.