Àyẹ̀wò ìfun tí ẹ̀jẹ̀ kò dé

Àyẹ̀wò ìfun tí ẹ̀jẹ̀ kò dé ni iṣẹ́ tí àwọn dókítà onímọ̀ àrùn máa ń ṣe láti mọ bí àìtó ẹ̀jẹ̀ ti ba ìfun jẹ́ tó, àti ohun tí ó fà á. Ní ọdún 1966 ni Adrian Marston, oníṣẹ́ abẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí onímọ̀ àrùn Basil Morson wà lára wọn, fún irú èyí tí ó ń mú ìfun ńlá ní orúkọ ischaemic colitis.

Iṣan àlọ méjì ni ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ìfun ńlá. Ibi tí ààlà àwọn méjèèjì ti pàdé, níbi tí ìfun ti ṣẹ́ kọ́nà lókè ikùn lápá òsì, ni àìsàn yìí sábà máa ń mú.

Onímọ̀ àrùn á kọ́kọ́ fi ojú lásán wo ìfun tí a gé jáde. Ó lè dúdú, kí ó wú, kí ó sì rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀. Á la àwọn iṣan rẹ̀ wò bóyá ẹ̀jẹ̀ dídì wà nínú wọn. Bí ó bá jẹ́ pé ìpá ló fún ìfun mọ́, tàbí pé ìfun ló lọ́ mọ́ra, iṣan àbọ̀ ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ dí, nítorí náà ẹ̀jẹ̀ á kún inú ìfun náà dẹ́múdẹ́mú. A gbọ́dọ̀ tètè rì í sínú fọ́málíìnì, nítorí pé awọ inú ìfun tètè máa ń bàjẹ́ fúnra rẹ̀, èyí sì lè tan ènìyàn jẹ.

Lábẹ́ maikirosíkóòpù, awọ inú ni ó kọ́kọ́ ń kú, láti ojú rẹ̀ wá sísàlẹ̀. Àwọn kòtò kéékèèké inú rẹ̀ á sún kì, àlàfo àárín wọn á sì máa dán bíi gíláàsì. Bí awọ yìí nìkan bá kú, ó lè tún hù. Bí iṣan ẹran inú ògiri ìfun bá kú pẹ̀lú, ìfun lè lu, kí ìgbẹ́ sì tú sínú ikùn. Ẹran bíńtín tí a fi ẹ̀rọ ìwonú já kì í sábà kọjá awọ inú, kò sì lè sọ bí ìsàlẹ̀ ṣe wà. Bakitéríà Clostridioides difficile náà lè fa ohun tí ó jọ èyí, ṣùgbọ́n ìtọ́jú tirẹ̀ yàtọ̀. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ mọ ìtàn àìsàn aláìsàn.

Etí méjèèjì tí a ti gé ìfun ṣe pàtàkì jù fún oníṣẹ́ abẹ. Bí wọn kò bá yè, ojú ibi tí ó rán pọ̀ lè máa jò.